Iná gbé èèyàn: ta ni yóò san owó ìtọ́jú?

Bí extension tàbí waya ilé bá mú kí iná gbé èèyàn, tí ó sì fẹ́ pe ẹjọ́ láti gba owó ìtọ́jú, ohun tó ń ba irú ẹjọ́ yìí jẹ́ jù ni pé nǹkan tó ṣọṣẹ́ náà á ti pòórá kí agbẹjọ́rò tó béèrè rẹ̀. Extension á jó, wọ́n á dà á sí ààtàn, tàbí kí ẹni tó tà á ní kí wọ́n gbé e wá kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbé e fún un o. Ẹ pa iná láti ìdí mítà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, tòun ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ tọ́jú páálí àti rísíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú bóòtù ìdí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹni tó tà á á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Waya gan-an ló máa ń tú àṣírí. Wọ́n á kọ 13A (ámpíà 13, ìwọ̀n iná tó lè rù) sára extension, waya inú rẹ̀ á jẹ́ 0.75mm², èyí tí kò yẹ kó ru ju 6A lọ. Kẹ́tùlù 2,000W nìkan ń fa nǹkan bíi 8.7A lórí iná 230V. Fúúsì 13A ò ní já, torí iná náà ò tó èyí tó ń já a. Waya ni yóò máa gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́, tí kọ́pà á sì hàn síta. Kí oníṣẹ́ iná tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣe fi megger 500V, ẹ̀rọ tó ń yẹ rọ́bà ara waya wò, wọ̀n ọ́n: bí kò bá tó 1MΩ (mílíọ̀nù kan ohm), rọ́bà náà ti bàjẹ́. Kí ó kọ ìwọ̀n waya sílẹ̀, nítorí waya tín-ín-rín kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó rà á.

Ní Nàìjíríà, abala 136 òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018 gbé ẹ̀bi ọjà tó lábùkù ka ẹni tó pèsè rẹ̀ lórí. Àmọ́ bó bá jẹ́ waya inú ògiri ló fà á, lanlọ́ọ̀dù àti ẹni tó fa waya náà lẹ máa bá ṣẹjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, òfin Consumer Protection Act ti 1987 ò ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ṣe àìbìkítà; kẹ́ ẹ ṣáà fi hàn pé ọjà náà ò dára, pé òun ló sì ṣeni léṣe. Ọdún 3 lẹ ní láti pe ẹjọ́ níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ìwé ilé ìwòsàn. Kí dókítà kọ ọ́ pé iná ló gbé aláìsàn, kí ó kọ ojú ibi tí iná gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde, kí ó sì ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù. Ìwé tó kàn sọ pé “ọwọ́ jó” ò ní ràn yín lọ́wọ́ ní kóòtù.