Ìgbà èwe tí ìyá mi fi pamọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, lẹ́yìn ikú ìyá mi ni mo rí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ kan nísàlẹ̀ àpótí wọn, tí ó fi hàn pé ọmọ ọdún 6 ni wọ́n nígbà tí tọkọtaya kan gbà wọ́n ṣọmọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ti fi gègé pa orúkọ wọn àkọ́kọ́ rẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ má ṣe ha ibi tí wọ́n pa rẹ́ náà o. Nọ́ńbà ẹjọ́ ni kí ẹ mú lọ bá akọ̀wé ilé-ẹjọ́, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n máa ń ṣe ìwé-ẹ̀rí ìbí tuntun fún ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn a sì fi ti àkọ́kọ́ pamọ́.

Ìdáhùn kejì: Àyẹ̀wò DNA, tí ó ń fi ẹni tí ó jẹ́ ìbátan yín hàn, náà wà. Ẹni tí ó bá bá ìyá yín pín bàbá àti ìyá yóò bá yín pín nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 DNA yín; bí ó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní, yóò tó 12.5.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ó ti wá yé mi báyìí ìdí tí àpò aṣọ wọn fi máa ń wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nígbà gbogbo.