Kọ̀ǹpáílà tí wọ́n fi èdè ara ẹ̀ kọ, ta ló kọ́kọ́ kọ̀ǹpáìlì ẹ̀?

Ọmọ Sábó
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá wa. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Go ni mo ń kọ́ láti bí oṣù méjì, àná ni mo wá kà á pé Go náà ni wọ́n fi kọ kọ̀ǹpáílà Go, orí mi dàrú. Ṣebí kọ̀ǹpáílà ló ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́? Kóòdù tiẹ̀ gan-an wá ńkọ́, kí ló sọ ọ́ di nǹkan? Àbí èèyàn lè bí ara ẹ̀ ni? Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan ní Èbúté, ẹ̀rín ló ń fi mí rín.

Wẹ́dà Ágírìk
Má da ara ẹ láàmú àbúrò. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́ kí n tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi ò ní tábìlì nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló to búlọ́ọ̀kù sí tó ti jó àkọ́kọ́, tábìlì yẹn ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, páálí la fi ń ki ẹsẹ̀ ẹ̀ kan. Orí ẹ̀ náà la ti wá jó ìkejì tó gún, a sì gé àkọ́kọ́ tà fáwọn tó ń ra irin àlòkù. Bó ṣe rí náà nìyẹn, èdè míì ni wọ́n fi kọ kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́, wọ́n wá fi Go kọ òmíì, wọ́n kó o fún ti àkọ́kọ́ pé kó kọ̀ǹpáìlì ẹ̀, ó parí.

Bàbá Kóòdù
Òótọ́ ni Wẹ́dà sọ. Èdè C ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ti Go. Go 1.4 ló gbẹ̀yìn nínú ti C, nígbà tí Go 1.5 fi máa jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2015 ó ti di Go, ẹ̀rọ ló sì bá wọn yí C yẹn sí Go, wọn ò jókòó tún un kọ. Tó o bá fẹ́ kọ̀ǹpáìlì 1.5 fúnra ẹ, àfi kó o ní 1.4 nílẹ̀, ó kéré tán. Ti èdè Pascal ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: Niklaus Wirth tó ṣe Pascal àtàwọn èèyàn ẹ̀ kọ́kọ́ fi èdè Fortran gbìyànjú kọ̀ǹpáílà ẹ̀, kò bọ́ sí i, wọ́n wá fi Pascal kọ ọ́ nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan láyé tó gbọ́ Pascal, wọ́n sì fọwọ́ túmọ̀ ẹ̀.

Ọmọ Sábó
Ẹ ṣé gan-an. Tí tábìlì àkọ́kọ́ bá wá wọ́ ńkọ́, ṣé kò ní ran ìkejì?

Bàbá Kóòdù
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀ǹpáìlì GCC, ìyẹn kọ̀ǹpáílà C kan, lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn: kọ̀ǹpáílà tó wà nílẹ̀ á kọ̀ǹpáìlì àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ á ṣe ìkejì, ìkejì á ṣe ìkẹta, wọ́n á wá fi ìkejì wé ìkẹta, wọn ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Wẹ́dà Ágírìk
Ìyẹn ò sì ní kí olè má wọlé o! Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Unix, gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 1983, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹ̀bùn yẹn, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1984, ó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè kọ́ kọ̀ǹpáílà C pé tó bá ti rí kóòdù login, ìyẹn èyí tó ń yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò, kó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, tó bá sì rí kóòdù kọ̀ǹpáílà fúnra ẹ̀, kó tún gbin ọgbọ́n yẹn sínú ẹ̀. Wàá wá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ nínú kóòdù, á ṣì máa ràn láti ìran dé ìran.

Ọmọ Sábó
Haa! Ká ka kóòdù ọ̀hún látòkè délẹ̀ ká má rí nǹkan kan? Iná ti dé jàre, ẹ jẹ́ n lọ wa 1.4 yẹn jáde.