Màmá Gbági ti fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ o! Báwo lẹ ṣe ń kéde ìròyìn ayọ̀ fún ẹbí?

IyaIkoko_Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn tó sì rí wúruwùru, ọmọ wà lọ́wọ́ òsì mi, àtàǹpàkò kan ni mo fi ń tẹ gbogbo èyí.

Mo bímọ ní Túsìdeè tó kọjá ní Leeds níbí, obìnrin, mo sọ̀ láyọ̀, a dúpẹ́. Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọkọ mi pe màmá ẹ̀, èmi náà pe tèmi ní Ìsẹ́yìn, màmá mi bú sẹ́kún lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń sunkún ni wọ́n ń kì í, ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ o, wọ́n ṣáà ń kì í lọ. Mo wá ní kí wọ́n bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn n'Íbàdàn. Màmá Gbági la máa ń pè wọ́n torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aṣọ, ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí láti JSS1 títí mo fi parí poly, àwọn ló sanwó sukúù mi. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà yẹn, mo ní tí mo bá jí màá pè wọ́n fúnra mi.

Kí n tó jí, àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston ti gbé fọ́tò ọmọ sí status, ọmọ tí wọn ò tíì nu ojú ẹ̀ dáadáa! Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayaba wa ti dé. Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí ti Màmá Gbági ní nọ́ńbà ẹ̀, torí òun ló bá Màmá pín aṣọ ẹbí nígbà ìgbéyàwó wa, ó rí i, ó jó dé iwájú wọn, "Màmá, ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ o!" Wọ́n ní ọmọ ta? Màmá mi ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú ìgbà yẹn o, kò wọlé ni.

Látọjọ́ náà, tí mo bá ti pè á máa dún títí á fi já. Lánàá ni wọ́n fi voice note ránṣẹ́, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ: "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó." Ẹ! Èmi Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọmọrogùn lé kiri inú kíṣìnnì, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú "ẹ". Ìgbà mẹ́fà ni mo gbọ́ ọ, mo sunkún débi pé ọmọ náà bá mi sun ún.

Túsìdeè tó ń bọ̀ yìí ni ìkómọ. Kí ni kí n ṣe? Àti pé báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe ti ìròyìn ẹbí yín? Group tiwa, èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n àwòrán òdòdó àti "ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ ìyá mi" ló kún un, tí n bá ní kí n sọ níbẹ̀ pé àkọ́bí mi yọ eyín iwájú, àdúrà á ti bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Alabi_Onifoonu

Ẹ kú ewu o Ìyá Ìkókó, ọmọ á dàgbà. Ti Màmá, màá fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà, ẹ jẹ́ n sọ ti fóònù torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Lórí WhatsApp, ẹ lè lọ sí Privacy kí ẹ yan àwọn tí ò ní rí status yín, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè gbà yín lọ́wọ́ àbúrò ọkọ yín, torí fóònù tiẹ̀ ló fi gbé e. Ẹnu lẹ máa fi bá irú wọn sọ ọ́, ẹ sì sọ ọ́ kí ọmọ tó jáde, ẹ ní "kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé nǹkankan síta títí èmi fúnra mi á fi gbé e". Fún wákàtí 24 ni status máa ń wà ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé àwọn kan ti ya á pa mọ́.

Group ńlá yẹn, admin lè ṣe é kó jẹ́ pé admin nìkan lá máa kọ nǹkan síbẹ̀. Èmi ṣe é fún ẹbí wa lọ́dún tó kọjá, kò pé ọjọ́ méjì tí bọ̀ọ̀dá ìyá mi pè mí pé ta ló fún mi láṣẹ láti fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu àgbà. Mo tètè ṣí i padà.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni broadcast list. Ẹ lè fi èèyàn 256 sínú ẹ̀, tí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan á lọ bá oníkálukú bí ẹni pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí, ó dùn ún lò. Àmọ́ ẹni tí ò bá save nọ́ńbà yín kò ní rí i o. Àwọn àgbà wa wá ńkọ́? Ọmọ ló ń bá wọn save nọ́ńbà, nọ́ńbà yín ti Nàìjíríà àtijọ́ ló ṣì wà lórí fóònù wọn. Ẹ̀yin á rò pé wọ́n ti rí i, wọ́n kàn dákẹ́ ni, àwọn náà á rò pé ẹ ò ka àwọn sí.

Alagba_Osogbo

Ọmọ mi, o kú ewu. Wọ́n fi "ẹ" bá ọ sọ̀rọ̀? Ha. Ìyẹn le o. Ká ní wọ́n bú ọ ni, ìbá sàn.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú tiwa. Kí fóònù GSM tó dé ní 2001, lẹ́tà ni, àbí kí èèyàn lọ bá dírẹ́bà ní gáréèjì pé tó bá dé Ìlọrin kó yà ní ilé báyìí báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní London láyé ìgbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi ránṣẹ́, á sọ̀rọ̀ sójú kan fún bàbá wa, ojú kejì fún ìyá wa, gbogbo ilé á jókòó yí rédíò ká, ìyá mi á máa dá a lóhùn bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Tó bá ní "Ìyá, ṣé ara le?" wọ́n á ní "Ara le o, ọmọ mi." Tí kásẹ́ẹ̀tì bá tán wọ́n á ní ẹ tún un gbé sí i. Nígbà tí fóònù tiẹ̀ dé, àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan, ta ló fẹ́ máa sọ̀rọ̀? Fíláàṣì la fi ń ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan, mo ti délé. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ pè mí padà, owó ti tán.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tí àgbà fi ń gbọ́ lẹ́yìn aládùúgbò. Bí ọmọ bá ti délẹ̀, ó ní ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń lọ sọ fún, àgbà yẹn lá wá ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Wò ó, ìyá yẹn ní orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà. Láyé àtijọ́ ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì, kó tó di ọjọ́ kẹjọ fún gbogbo ayé. Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró? Kí àwọn ẹbí lè gbọ́, kí oníkálukú lè ronú orúkọ tiẹ̀ wá. Ẹni tó bá gbọ́ lọ́jà, inú àlejò lo kà á mọ́ yẹn.

Má pe fóònù wọn mọ́. Wá ẹni tó máa lọ síwájú wọn. Màmá ẹ, àti àgbà kan láti ilé ọkọ ẹ, ẹ̀gbẹ́ ọkọ ẹ lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀. Kí wọ́n sì sọ pé Màmá Gbági ni wọ́n ń retí pé kó kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ.

Moremi_Peckham

Alàgbà, ẹ má bínú sí mi o sà, mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ nípa orúkọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìrọbí dé, tí wọ́n ṣì ń rán lójú abẹ́, ẹ fẹ́ kó máa to àwọn tó fẹ́ pè lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń pín aṣọ ẹbí? Ọkọ ńkọ́? Kí lọkọ ń ṣe lọ́wọ́ lágogo mẹ́ta òru yẹn? Òun ni wọn ò rán lójú, òun ló yẹ kó mú ìwé kó kọ orúkọ àwọn àgbà ìhà méjèèjì sílẹ̀ kó sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tiwa nìyẹn, ọkọ mi ló ṣe é, mo sùn fọnfọn.

Alagba_Osogbo

Moremi, o ò parọ́. Ọkọ ló jẹ̀bi.

SisiTexas

Mo ń gbé Houston náà, kì í ṣèmi ni àbúrò ọkọ o, ẹ má wò mí báyẹn 😂

Ti ayọ̀ ṣì dáa o jàre. Èmi, inú mọ́tò ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, mo dúró níbi tíráfíìkì, mo wo fóònù, cousin wa kan ti gbé fọ́tò wọn sórí group pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Àbẹ́là mẹ́ta. Àwọn èèyàn ti ń kọ "a kú aráfẹ́rakù" kí n tó mọ̀ pé bàbá mi ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló lù n'Íjẹ̀bú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ ni mò ń lọ. Àwọn tó wà nílé ti jọ pinnu pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa pè mí tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ ní ara bàbá ò yá, wọ́n á ní ṣé o wà pẹ̀lú èèyàn, ṣé o ti jẹun. Ẹnì kan ò lè dúró.

Àtìgbà yẹn a ti bá ara wa ṣàdéhùn, àwa ọmọ bàbá mẹ́rin: ìròyìn ńlá, ì báà ṣe ti ayọ̀ ì báà ṣe tìbànújẹ́, ohùn la fi ń gbọ́ ọ. Tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti gbọ́ tán, ẹ̀gbọ́n wa lá kọ "ó ti délé" sínú group kékeré wa. Tí n ò bá tíì rí "ó ti délé", n kì í tẹ nǹkankan síbì kankan, kódà n kì í kí èèyàn.

IyaBeji_Abk

Ẹ jẹ́ kí n mú ti eyín torí ó jọ pé gbogbo yín ti gbàgbé ẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí ọkàn àgbà balẹ̀ jù. Ìyá mi ò mọ̀wé, torí náà n kì í kọ nǹkankan sí wọn, voice note ni. Lálẹ́ Sọ́ńdè màá gbé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta, iye tí wọ́n ń ta tòmátì, ẹni tó bá wa jà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Káyọ̀dé kò fẹ́ jẹ ẹ̀wà mọ́. Àwọn ọmọ á wá sọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tí wọ́n ń bá ìyá mi gbé ni wọ́n máa ń gbé e sí wọn létí kí wọ́n tó sùn, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, bí kásẹ́ẹ̀tì Alàgbà yẹn náà.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi tó wà ní Coventry yọ eyín, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá mi bi í ni pé "orí òrùlé wo lo jù ú sí, alángbá ò rí i àbí?" Ọmọ náà ní "Màmá, kò sí alángbá níbí." Ìyá mi pariwo, wọ́n ní ilẹ̀ wo ni kò sí alángbá! Wọ́n jù ú sórí ṣẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi ń fi fídíò yẹn han àwọn àlejò. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí group èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta, ta ni ó bi yín nípa alángbá?

IyaIkoko_Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà wá jábọ̀. A ti sọ ọmọ lórúkọ lánàá.

Moremi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ sókè fún ọkọ mi, kò dá mi lóhùn, ó kàn lọ fọ abọ́. Ní Sátidé màmá mi wọ mọ́tò láti Ìsẹ́yìn, wọ́n pàdé ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi n'Íbàdàn, àwọn méjèèjì jọ lọ sílé Màmá Gbági. Wọ́n ní bàbá yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá, wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè ò mọ̀ọ́ṣe ni. Màmá kò sọ nǹkankan, wọ́n ní kí wọ́n gbé mínírà wá fún àlejò. Àbúrò ọkọ mi náà pè wọ́n láti Houston, ó ní òun bẹ̀ wọ́n fún ogójì ìṣẹ́jú, mo gbà á gbọ́ torí ohùn ẹ̀ ti há nígbà tó pè wá.

Láàárọ̀ àná, a gbé fóònù ti ìkòkò ọbẹ̀ kó lè dúró, oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó, ataare, gbogbo ẹ̀ wà lórí tábìlì, wọ́n ní ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Màmá Gbági yọjú, gèlè wọn gba gbogbo ojú fóònù. Wọ́n ní, "Tèmítọ́pẹ́ ni mo sọ ọ́." Ìyá mi kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, bàbá yẹn náà rẹ́rìn-ín, gbogbo wa ló gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ! Wọ́n ní oríkì ẹ̀ ni Àdùkẹ́.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ tán ni wọ́n tún pè padà, àwa méjì nìkan. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti jẹun?"