Síìmù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nítorí n kì í náwó tó

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìlú Ọba. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n má bàa fi ìbínú la fóònù mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo síìmù pay-as-you-go, èyí tí èèyàn ń kó owó sí kó tó lò ó, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Wi-Fi wà nílé, ó wà níbi iṣẹ́, WhatsApp ni mo fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi kọ́ńtíráàtì olóṣooṣù ṣe? Mo kàn ń fi pọ́n-ùn 10 sí i, á sì wà níbẹ̀ títí n ó fi lò ó tán. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo nílò. Òun ni báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, òun ló wà lọ́wọ́ dókítà, òun ni ilé ìwé àwọn ọmọ mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n ti mú kí ètò mi dára sí i. Ìdára ọ̀hún ni pé kírẹ́díìtì tí mo bá rà yóò máa kú lẹ́yìn ọjọ́ 30, àfi bí mo bá ń ra dátà olóṣooṣù. Mo pè wọ́n. Ẹ gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀: bí o bá fẹ́ ra fóònù tuntun, tẹ 1, bí o bá wà lórí kọ́ńtíráàtì, tẹ 2, bí o bá fẹ́ fi kún kọ́ńtíráàtì rẹ, tẹ 3. Pay-as-you-go ló kẹ́yìn. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ní kí n lọ kọ̀wé sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gé ìpè. Mo lọ. Róbọ́ọ̀tì ló tún pàdé mi níbẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ mi dun òun, ṣé màá fẹ́ wo iPhone tuntun?

Nígbà tí mo wá rí èèyàn ẹlẹ́ran ara bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà ò tiẹ̀ fi bò. Ó ní bí mo bá gba kọ́ńtíráàtì, wọ́n á gbé mi sọ́dọ̀ àwọn tó ń tètè dáhùn. Àṣé ìlà méjì ni wọ́n tò wá sí!

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má wulẹ̀ bá wọn fa ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì. Nọ́ńbà ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Láti oṣù Keje ọdún 2019 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, ti ní a ò nílò láti bá ẹnikẹ́ni rojọ́ ká tó lọ. Ẹ kọ PAC, ìyẹn orúkọ kóòdù tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ sí 65075 láti orí síìmù yẹn gan-an. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù á wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì sọ iye kírẹ́díìtì tó kù fún yín. Ọjọ́ 30 ni kóòdù ń lò. Ẹ wá ra síìmù tuntun níbòmíì, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ tó fún wọn ní kóòdù náà. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni òfin fún wọn láti gbé nọ́ńbà yín wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni pé wọ́n á pe ilé iṣẹ́ àtijọ́ pé kó pa ìlà náà ná. Ẹ má dán an wò láé! Bí nọ́ńbà bá ti kọjá, ìlà àtijọ́ á kú fúnra rẹ̀. Kóòdù kan tún wà tó ń jẹ́ STAC, 75075 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Tẹni tó fẹ́ pa nọ́ńbà rẹ̀ tì nìyẹn. Kì í ṣe tiyín.

Ọmọ Ìṣirò:
Màmá, ẹ má bínú o, mi ò gbè sẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó bí oníṣòwò ṣe ń wò ó. Ẹni tó ń fi pọ́n-ùn 10 lo ọ̀pọ̀ oṣù, bó bá pè lẹ́ẹ̀kan péré tí òṣìṣẹ́ sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, èrè orí rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé róbọ́ọ̀tì sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò ní lé yín. Wọ́n á kàn jẹ́ kí àga máa gún yín nídìí títí ẹ ó fi dìde. Èyí tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń pe ìyẹn ní ìdára.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló polówó síìmù yẹn fún mi pé kò sí àdéhùn, kò sí wàhálà. Mi ò tọrọ ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tèmi tún yàtọ̀. Wọ́n ní kí n kúrò lórí pay-as-you-go, mo béèrè fún kọ́ńtíráàtì, wọ́n yẹ ìwé mi wò, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ pé mo ti jẹ gbèsè rí nílùú yìí kí n sì san án. Àìjẹ gbèsè wá di ẹ̀ṣẹ̀!

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì:
Àbúrò, wá SIM-only (síìmù nìkan, láìsí fóònù) oṣù kan-kan, èyí tí wàá san kí o tó lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yẹ ìwé wò. Àwọn kéékèèké wọ̀nyí, orí òpó àwọn ńlá ni wọ́n ń gùn: giffgaff wà lórí ti O2, Lebara lórí ti Vodafone, Smarty lórí ti Three, 1pMobile lórí ti EE. Nítorí náà, bí O2 ò bá wọ yàrá rẹ, giffgaff náà ò ní wọ̀ ọ́. Ofcom ní máàpù tí o lè fi póósítì-kóòdù rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí o tó sanwó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi wọ́n: kírẹ́díìtì yìí, ọjọ́ mélòó ló máa wà?

Bí o bá padà rí kọ́ńtíráàtì gbà, ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kínní 2025, bí wọ́n bá fẹ́ fi owó kún un láàárín àdéhùn tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo lọ sílé lọ tọ́jú ìyá mi, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Síìmù ibí wà nínú fóònù, àwọn èèyàn ń pè mí lórí rẹ̀, mo rò pé ìyẹn ti tó. Bí mo ṣe dé, ìlà ti kú. Wọ́n ní ìpè tó ń wọlé kò sí nínú ìṣirò àwọn, èmi ni mo ní láti pe èèyàn, kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ olówó ránṣẹ́, tàbí kí n ra nǹkan. Báǹkì wá ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí kò sí lọ́wọ́ mi mọ́! Ojú mi rí nǹkan kí wọ́n tó yí i padà. Oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń dúró kí wọ́n tó pa á, àwọn kan kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi tiyín. Ẹ fi álààmù sí fóònù, lóṣù méjì-méjì kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi "ẹ káàárọ̀" ránṣẹ́ sí mi bí ẹ ò bá rí ẹlòmíì.

Bàbá Àgbà:
Àtàwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 084 àti 087, ẹ sá fún wọn, wọ́n ń jẹ kírẹ́díìtì bí ikán. 0800 jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù alágbèéká láti 2015. 03 kì í ju iye tí wọ́n ń gbà fún ìpè lásán lọ.

Ìbéèrè kan: fóònù mi ti pẹ́, oníbọ́tìnì lásán ni. Ṣé n lè gba síìmù Smarty yẹn?

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì:
Bàbá, ẹ má gbà á o. EE àti Vodafone ti pa 3G (òpó ìran kẹta) láti 2024, Three náà ti pa tiẹ̀. Fóònù tí kò bá lè pe èèyàn lórí 4G, 2G ló kù fún un, Three kò sì kọ́ 2G rí. Ẹ wá èyí tó wà lórí òpó EE, O2 tàbí Vodafone.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti fi PAC ránṣẹ́! Kóòdù wọlé kí n tó gbé ife tíì mi sílẹ̀. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, nígbà tó di ọ̀sán, èèyàn gidi pè mí. Ó mọ orúkọ mi. Ó ní ìdajì owó ni wọ́n fẹ́ máa gbà báyìí. Mo ní ọ̀gbẹ́ni, níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí? Kírẹ́díìtì mi tó kù lórí ẹ̀ ńkọ́, ẹ̀yin ará?

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì:
Ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ kí ẹ tó lo kóòdù. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà deadlock, èyí tó sọ pé ọ̀rọ̀ yín ò yanjú lọ́dọ̀ wọn; òun lẹ máa gbé lọ bá ombudsman, onílàjà tí kì í ṣe ara ilé iṣẹ́ náà, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí kò bá ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ, ẹ fi pe àwọn ọ̀rẹ́ yín lálẹ́ òní. Ẹ má sì fún wọn ní kóòdù lọ́jọ́ Ẹtì, torí òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí ẹ ṣe é, bí ẹ bá ti rí i pé ẹ ò ní owó kankan láti fi ránṣẹ́ ní báǹkì lọ́jọ́ náà, torí kóòdù báǹkì lè má wọlé nígbà tí nọ́ńbà bá ń kọjá.