Àbọ̀ ìbéèrè mi: bí a ṣe dé Aberfan láìní mọ́tò

Mo béèrè níjọ́sí bí èmi àti màmá mi, tí orúnkún ń dà láàmú, ṣe lè ti Cardiff lọ wo ọgbà ìrántí àti ibojì Aberfan, abúlé kan ní Wales, lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó ní ká wọ rélùwéè lọ sí Merthyr Vale ló gbà á. Ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọdá odò Taff, Aberfan nìyẹn. Ọgbà náà wà níbi tí ilé ẹ̀kọ́ Pantglas wà kí òkìtì keje, èérí tí wọ́n ń kó jáde láti inú kòtò èédú, tó ya lu ìlú náà láàárọ̀ 21 Oṣù Kẹwàá 1966. Èèyàn 144 ló kú. Ọmọdé ni 116 nínú wọn. Màmá kàn ń sọ pé, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ ká fojú sunkún ọmọ." Ó rìn ín yíká láìsinmi.

Ti ibojì ni kò bọ́ sí i tán. Àwọn tó ní "ẹ rọra fẹsẹ̀ gòkè" ò parọ́ fún èmi, ṣùgbọ́n òkè yẹn ga ju orúnkún àgbà lọ. Ìsàlẹ̀ ni màmá ti ń wo àwọn ibojì funfun tó tò lọ gbọọrọ lára òkè. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà lọ́wọ́, ẹ yáa wá takisí.

Senghenydd, abúlé mìíràn ní Wales níbi tí 439 awakùsà kú sí ní 1913, ló kù ká lọ wò. Rélùwéè ò dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì láti Caerphilly ni a máa wọ̀. Ẹ ṣeun gan-an.