Àgò ni, kì í ṣe ìdílọ́wọ́: orúkọ wo ni “interrupt” yóò jẹ́ nínú driver USB?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbólóhùn tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nìyí: “A ti yọ ìdílọ́wọ́ tó wúwo jù kúrò nínú awakọ̀ olùgbàlejò USB.” Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ni pé driver, ìyẹn ètò tó ń bá ẹ̀rọ adarí USB inú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ń gba “interrupt” ju bó ti yẹ lọ, àti pé òun ti tún un ṣe. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi “ìdílọ́wọ́” sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn mìíràn sì dábàá “ìpè”. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, inú bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo sì fẹ́ ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé bí a bá ti ibi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni a ó parí sí.

Nígbà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá gbé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ adarí USB, bóyá pé kó ka fáìlì kan láti inú fláàṣì, kì í dúró tì í; iṣẹ́ mìíràn ni yóò máa bá lọ. Bí ẹ̀rọ adarí bá parí, yóò fi àmì ránṣẹ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “interrupt”; ọpọlọ yóò sàmì sí ibi tó bá iṣẹ́ dé, yóò gbọ́ tẹni tó dé, lẹ́yìn náà ni yóò padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ti ní kí wọ́n fi tó òun létí bí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá dí mi lọ́wọ́ ti ṣe ohun tí n kò fẹ́. Báwo ni a ṣe wá lè pe ẹni tó jíṣẹ́ tí a rán an ní adíni-lọ́wọ́? “Ìpè” sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n a ti ń lò ó nígbà tí apá kan nínú ètò kọ̀ǹpútà bá pe apá mìíràn láti ṣiṣẹ́, driver USB kan náà sì kún fún irú ìpè bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé kò ní mọ èwo là ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni “àgò”. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà a kágò, ẹni tó wà nínú ilé a sì dá a lóhùn pé “àgò yà”. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, a ti rí ẹni tó dé, a rí ẹnu ọ̀nà tó gbà dé, a sì rí èsì tó tọ́ sí i. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. A lè sọ pé ẹ̀rọ adarí kágò, kí a pe okùn tí àmì náà gbà wọlé ní “ẹnu ọ̀nà àgò”, kí apá driver tó ń gbọ́ ọ sì máa jẹ́ “olùdáhùn àgò”. Mo kọ́kọ́ rò pé “ìyàgò” ni ìbá dára jù fún ìdáhùn náà, torí pé ọpọlọ ń yà fún ẹni tó dé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n “yàgò fún nǹkan” ti di “yẹra fún un” lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìtumọ̀ náà yóò sì dojú rú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gba ohun tó le jù. Ẹ̀rọ bíi mélòó kan lè jọ máa lo ẹnu ọ̀nà àgò kan. Bí àgò bá dún, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, yóò bi àwọn driver tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ̀rọ tiwọn ló kágò. Bí àgò bá pé 100,000 tí èyí tí kò ní olóhun nínú wọn sì ju 99,900 lọ, Linux yóò ti ẹnu ọ̀nà náà pa, yóò sì kọ “nobody cared” sójú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ “kò sẹ́ni tó bìkítà”. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé kò sí driver tó jẹ́wọ́ àgò náà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì gbà pé kí a kọ ọ́.

Ó ku “tó wúwo jù”. Àgò kan ṣoṣo kò wúwo. Iye ìgbà tó ń dún ló ń pa iṣẹ́ ọpọlọ lára, nítorí pé ní gbogbo ìgbà ni yóò fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tí yóò tún padà sí i. Nínú USB 2.0, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pín sí ìpín kékeré 8. Bí àgò bá ń dún ní ìpín kọ̀ọ̀kan, 8,000 ni yóò jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó sì bá driver USB ti kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ẹ̀rọ adarí tó wà nínú rẹ̀ fi púpọ̀ nínú ètò àkókò sílẹ̀ fún driver láti ṣe. “Àpọ̀jù àgò” ni kí a pe èyí.

Orúkọ àtúnṣe rẹ̀ náà gba ìrònú. Àwọn kan kọ “ìdínkù”, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dín kù rárá; ṣe ni ẹ̀rọ adarí ń kó ìròyìn iṣẹ́ púpọ̀ jọ kó tó kágò lẹ́ẹ̀kan. EHCI, irú ẹ̀rọ adarí kan fún USB 2.0, ní àyè kan tí driver ti lè sọ iye ìpín kékeré tó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín àgò méjì, láti 1 títí dé 64. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, 8 ni yóò wà, àgò kò sì ní ju 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Driver tún lè pàṣẹ pé nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kí wọ́n kágò fún. “Ìkójọ àgò” ni mo fẹ́, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé rí ohun tí àtúnṣe náà ń náni: ìròyìn tí a kó jọ ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Ibi tí mo bẹ̀ yín pé kí a ti ṣọ́ra jù lọ rèé. USB ní irú ìfiránṣẹ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “interrupt transfer”, èyí tí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ń lò. Àgò kò sí nínú rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kò lè dá sọ̀rọ̀ lórí okùn USB. Ẹ̀rọ adarí ló ń bi í léèrè lóòrèkóòrè bóyá ó ní nǹkan í sọ, bí kò bá sì ní, ẹ̀rọ adarí bíi EHCI kì í yọ ọpọlọ lẹ́nu. Bí a bá kọ “ìdílọ́wọ́” sí ibi méjèèjì, ẹni tó ń wá ojútùú sí àpọ̀jù àgò yóò lọ máa dín iye ìgbà tí wọ́n ń bi kíbọ́ọ̀dù léèrè kù, nígbà tó jẹ́ pé lórí irú ẹ̀rọ adarí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí kò mú èsì wá kì í kágò. “Ìfiránṣẹ́ oníbèéèrè” ni mo dábàá.

Lórí “awakọ̀ olùgbàlejò”, ọkọ̀ la ń wà, kò sì sí ọkọ̀ níhìn-ín. Kò sí àlejò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí driver máa jẹ́ driver títí a ó fi rí èyí tó sàn jù. Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí a fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ ni: “A ti fi ìkójọ àgò wá ojútùú sí àpọ̀jù àgò nínú driver ẹ̀rọ adarí USB.”