Ẹ gbà mí o: ọmọ oṣù 9 tó kọ oúnjẹ ilé

Ìyá Àyìnkẹ́, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 9 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmú nìkan ni mo fún un títí ó fi pé oṣù 6. Ìgbà tí mo padà síbi iṣẹ́ ni ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní sérílì inú agolo, ìyẹn náà ló ń jẹ dòní. Bí mo bá po ẹ̀kọ, á pa ẹnu dé pinpin. Mo se iṣu, mo fọ́ ọ mọ́ omi ẹja, ó tu gbogbo rẹ̀ sí mi láyà. Ànàmọ́ ńkọ́? Ó wò ó, ó kọjú sí ògiri. Agolo kan kì í lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nílé wa, owó rẹ̀ sì ti fẹ́ jẹ owó ọbẹ̀ tán. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n rọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀, a sì ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lé e lórí.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọmọ tó ti mọ adùn ṣúgà, ẹ̀kọ kíkan ò lè wù ú lójú ẹsẹ̀. Má gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ohun tí mo ṣe fún tèmi ni pé nínú ṣíbí sérílì mẹ́rin, mo yọ ọ̀kan, mo fi ẹ̀kọ ṣíbí kan dí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó di méjì-méjì. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kọ ló kún abọ́, sérílì kàn ń ta sánsán ni. Táyé ò fura rárá. Kẹ́hìndé fura, ó bínú lọ́jọ́ yẹn, ó sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Màmá Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní! Gbogbo yín tí ẹ ń tẹ fóònù yìí, a rọ yín ni, ẹ sì dàgbà. Gbé e sí itan, fi ọwọ́ ṣe kọ́ńkọ́ sí i lẹ́nu, da ẹ̀kọ sí i. Yóò gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Màmá, ẹ má bínú sí mi, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gba àwọn ọmọ tí wọ́n rọ lọ́wọ́ ìyá wọn, ètè wọn ti dúdú. Ọmọ tó ń sunkún ń mí sínú ni. Bó bá ti ń mí sínú, ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ máa gbà wọ ẹ̀dọ̀fóóró. Ti ẹni tó tún dí i nímú ló burú jù. Àwọn tó là á já ni a ń rí, Màmá.

Ìyá Àyìnkẹ́, kọ́kọ́ yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Bí funfun bá wà lórí ahọ́n àti lẹ́rẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí bí èrìgì bá wú nítorí eyín, ìrora ló ń jẹ́ kó kọ̀. Mú káàdì ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ilé ìlera alábọ́dé, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ìlà ìwọ̀n bá ń gòkè, fọkàn balẹ̀. Bí ó bá dúró sójú kan tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó bá kọ ọmú pẹ̀lú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dínkù, má dúró ti ìmọ̀ràn wa, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀kọ tó ń ṣàn bí omi kò lágbára nínú, ikùn á kún, ara ò ní í rí nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ ki débi pé bí o bá dojú ṣíbí dé, kò ní í yára já bọ́. Fi edé lílọ̀ sí i, tàbí ẹyin tó jinná dáadáa, tàbí epo pupa ṣíbí kékeré kan. Lẹ́yìn oṣù 6, áyọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò tó mọ́ nínú ọmú nìkan, ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo ẹja, ẹran àti ẹ̀wà. Ní oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́, ìdajì ife ml 250 lẹ́ẹ̀kan. Má bu iyọ̀ sí i. Oyin ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ kó tó pé ọdún kan. Ọmú ò tíì parí o, ó lè máa mu ún lọ títí ọdún méjì.

Bàbá Wúrà
Ọkùnrin ni mí o, ẹ má lé mi. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi ni mo ń fún ọmọ wa lóúnjẹ. Ọmọ yín, ìgbà wo ló ń mu ọmú sí ìgbà oúnjẹ? Tiwa máa ń mu àmuyó kí n tó gbé abọ́ dé, èmi á sì máa rò pé ẹ̀kọ ni kò fẹ́. Nígbà tí a sún ọmú sẹ́yìn oúnjẹ, nǹkan yí padà. Mo sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Ọlọ́gì Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin oníbàárà mi, èmi ni mò ń ta ògì, jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í kọ ògì, kíkan ló ń kọ̀. Ògì tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi tí wọn ò pààrọ̀ á kan bí ọtí kíkan. Ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, máa da omi orí rẹ̀ nù láràárọ̀, fi tuntun sí i. Sóyà ńkọ́? Rẹ ẹ́, sè é, bó èèpo rẹ̀, kí o tó kó o mọ́ àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Bí o bá lọ̀ ọ́ ní tútù, òórùn ẹ̀wà rẹ̀ nìkan á lé ọmọ. Àwọn FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, ti ń fi sóyà ṣe ògì tipẹ́, kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un! Èmi náà ń bá ṣíbí jà títí nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé wa fi ní kí n gbé ṣíbí jùnù. Ó ní ọmọ lè nílò láti rí oúnjẹ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà á. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè gígùn bí ìka mi, ó rọ̀ débi tí ìka méjì fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó fi pa irun, ó fi pa àga, ìyókù wọ ẹnu. Mọ́ínmọ́ín tí kò láta ló fẹ́ràn jù. Ẹ ṣáà jókòó tì í, kó jókòó ṣánṣán, ẹ má sì gbé ẹ̀pà odidi fún un.

Ìyá Àyìnkẹ́, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ kejìlá rèé. Ìwọ̀n rẹ̀ gòkè díẹ̀, eyín méjì ló ń yọ lókè. Mo ń yí ṣíbí bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ, a ti dé méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti àná: mo bu mọ́ínmọ́ín tèmi sílẹ̀, mo dìde lọ bu omi. Kí n tó padà, ó ti fà á ya, ó ń jẹ ẹ́, ata díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń mú kó sín, kò sì jẹ́ kí n gbà á. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun ló ní òun máa lọ̀ ẹ̀wà tòní, láìsí ata.

Ọlọ́gì Mọ́kọ́lá, ibo gan-an ni ẹ ń pàtẹ sí, aago mélòó lẹ sì máa ń dé ibẹ̀?